Bí Màmá Màkún Ṣe Sọ Ìrókò Di Arère Nínú Omi

Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn tó ń tẹ ìwé ìsìnkú ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ, orí mi ti funfun, wọ́n rò pé mo máa mọ̀. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Gbogbo ẹni tó lè mọ̀ ọ́n ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló sì sin wọ́n. Nígbà tó wà láyé, ẹni tó bá bi í léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Mo ju Odùtọ́lá lọ." Odùtọ́lá ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Tí o bá lọ bi Odùtọ́lá, á ní, "Èmi kéré sí ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n wá kọ ọgọ́rùn-ún ọdún sínú ìwé. Mo wò ó, mo ní, "Ẹ ti gé obìnrin náà kúrú."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun kan kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Màá máa pe Màmá ní "ó", mi ò ní pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ìjẹ̀bú ni wá, èdè tí wọ́n fi tọ́ wa nílé kò fi irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ dààmú ara rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó kàwé ní Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kan, mo béèrè Màmá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti jí, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́." Màmá gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó yọ orí síta tòun ti àwo ẹ̀bà: "Ta ló ń bá mi jẹ ẹ́?"

Màkún-Omi ni wọ́n bí i sí, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ń parí sínú ọ̀sà. Ìdí nìyí tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó fi ń pè é ní Màmá Màkún. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ ìrìn. Tó bá ṣubú lórí ilẹ̀, á sunkún. Tó bá ṣubú sínú omi, á máa rẹ́rìn-ín. Mo fi ojú ara mi rí Màmá tó wọ inú omi nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wà kaná, tí kò yọ orí títí ẹ̀wà fi jinná. Ẹ̀wà olóyin ni o. Mi ò ní purọ́ fún yín, òun kì í pẹ́ jinná. Tó bá pariwo láti èbúté Màkún, wọ́n á gbọ́ ọ ní Òde-Omi, wọ́n á sì dáhùn pé àwọn ò sí nílé. Ẹja pàápàá mọ̀ ọ́n lójú. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn ilé, á máa ha ìpẹ́ ẹja, á sì máa bá ẹja wí bí ẹni ń bá ọmọ wí: "Látàárọ̀ lo ti ń sáré káàkiri. Kí lo sáré lọ mú? Ọ̀bẹ nìyí."

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ jù ni pé kò fara ti nǹkan kan rí láyé. Ó ń jókòó sórí àga láìfi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn àga. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwa Aládùúrà, níbi tí ìwàásù ti lè gùn títí ebi á fi pa áńgẹ́lì, gbogbo wa á ti wó lu ara wa. Òun á nà ró ṣánṣán bí òpó iná. Tó bá ra iṣu kún apẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló máa gbé e ru ara rẹ̀. Á tẹ̀ síwájú, á fi orúnkún ti apẹ̀rẹ̀ náà sókè, orí rẹ̀ á sì lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan sáré wá lọ́jọ́ kan ní Òkè-Agbo: "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Màmá wò ó láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀: "Ṣé wàá tún bá mi mí?"

Ọkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Àgbà wa. Agégẹdú ni, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òjò máa ń kọ́kọ́ pa á kó tó kan àwa tó kù. Tó bá sùn tó ń hanrun, àwọn tó wá ra pákó á rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tò síta. Ìrókò ló ń pe ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan, ẹni tó bá ń sunkún, ẹni tó bá ń wo ìyàwó rẹ̀ lójú jù, Arère ló máa pè é, torí pé arère ni igi tó rọ̀ jù tí ayùn rẹ̀ mọ̀. Ó ní èékánná lè là á. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú igbó, àfi omi. Tí omi bá ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún un, gbogbo ìjọ ti pé sétí odò. Wòlíì wa, ọkùnrin kúkúrú tó lóhùn, dì í mú lẹ́yìn ọrùn, ó ní, "Ní orúkọ Baba," ó sì tì í. Bàbá di sùtánà wòlíì mú. Wòlíì ló rì. Ó yọ, ó ní, "Àti ti Ọmọ," wòlíì tún rì. Kó tó kan Ẹ̀mí Mímọ́, àwọn àgbà ìjọ ti wọ omi lọ fà wọ́n jáde. Ara Bàbá tutù dé ọrùn, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé oòrùn ló ń yá. Wòlíì nu ojú, ó tu omi lẹ́nu, ó yíjú sí Màmá: "Ìyá Adé, ara ọkọ rẹ ti wọ ìjọ. Orí rẹ̀ ló kù níta."

Ẹ ó bi mí pé báwo ni irú ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ ọmọ Màkún. Gẹdú ló fà á. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń so àwọn igi ńlá pọ̀ lórí omi, omi á sì gbé wọn lọ sọ́nà Èkó. Bàbá á kó igi dé èbúté, á dúró gbọin-in lórí ilẹ̀, àwọn ọmọ Màkún á sì wọ omi lọ so wọ́n. Màmá wà lára wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Bàbá dúró lókè, ó ń pariwo bó ṣe yẹ kí wọ́n ta okùn. Màmá gbé ojú sókè láti inú omi: "Ìwọ ẹni gíga, tí o bá mọ̀ ọ́n so, sọ̀kalẹ̀ wá." Kò sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí ilé wọn.

Àṣà kan wá wà ní agbo ilé wọn ní Màkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ ọmọ wọn bá ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi kò ní gbé e dé èbúté. Ó máa dúró níwájú díẹ̀, tọkọtaya á bọ́ sínú omi, ọkùnrin á di etí kan mú lára ìró, obìnrin á di etí kejì mú, wọ́n á sì jọ lúwẹ̀ẹ́ gòkè. Bí ìró bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n á padà sínú ọkọ̀, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní àwọn fẹ́ fi ojú rí i bóyá àwọn méjèèjì lè wà nínú wàhálà kan náà kí ọ̀kan má fi èkejì sílẹ̀. Bàbá gbọ́ àṣà náà, ó ní ó dára gan-an ni, òun á ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn kò dé títí ìyá mi fi dàgbà, tó lọ́kọ, tó bí mi, tí èmi náà fi hu irùngbọ̀n.

Lọ́dọọdún ni Màmá ń lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀. Bàbá á sìn ín dé èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀, á juwọ́, á padà sílé. Àwọn ará Màkún wá fún un lórúkọ: Àna Èbúté. Tí ọkọ̀ Màmá bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀: "Àna Èbúté dà? Àna Èbúté dà?" Màmá á ní inú ló ń run ún. Lọ́dún kejì, igi ló fẹ́ gé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi wó lu ọ̀nà. Lọ́dún mìíràn, igi náà ni inú ń run. Irọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Odùtọ́lá ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní lọ́dún yẹn, Màmá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò dúró de àwọn ọmọdé kí wọ́n béèrè, òun fúnra rẹ̀ pariwo: "Kò wá o! Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà kọjá."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Odùtọ́lá parí ilé tó ń kọ́ sí Màkún, ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó bá Bàbá lábẹ́ àtíbàbà níbi tó ti ń pọ́n ayùn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá kí wọn.

"Àna, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Odùtọ́lá, ẹja mi dà?"

"Ẹja yín wà nínú omi. Ẹ wá mú un." Odùtọ́lá jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àga. "Ilé mi ti tán. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi dojú kọ omi. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti ní ibi tó máa sùn."

Bàbá gbé ayùn sílẹ̀. "Kí ló fẹ́ lọ sùn níbẹ̀ fún?"

Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. Ó ní: "Bàbá Adé, tí mo bá ń lọ lọ́dún yìí, gbogbo ẹrù mi ni mò ń kó. Tí o bá bá mi gòkè èbúté ilé wa, a jọ máa kó o padà. Tí o bá tún dúró lórí ilẹ̀ tí ò ń juwọ́, máa juwọ́ lọ. Mi ò padà wá síbí mọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. "Nítorí omi, Ìyá Adé?"

"Kì í ṣe nítorí omi. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo èèyàn lọ, o ò jẹ́ kí n fi mú ọ lọ́wọ́ rí. O ò gbà pé mo lè gbé ọ dúró."

Inú bí Bàbá, ó dìde, orí rẹ̀ kan òrùlé àtíbàbà: "Ìwọ náà ńkọ́? Ìwọ tí o ò fara ti àga! Ta ni ìwọ gbà pé ó lè gbé ọ dúró?"

Bàbá gbà níkẹyìn kí Màmá kọ́ òun ní ìlúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì í láti kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí Ìrókò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ̀ mí wá ní Àgọ́-Ìwòyè. Yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ nígbà yẹn, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má fojú kéré mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí kíláàsì kan nínú yunifásítì yẹn tí mi ò wọ̀, torí èmi ni mò ń gbá a. Odò kékeré kan wà lọ́nà Awà, omi rẹ̀ mọ́, kò jìn ju àyà lọ. Ọjọ́ Sátidé ni a yàn. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọjọ́ Sátidé náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá fọṣọ níbẹ̀, torí omi ẹ̀rọ kì í yọ nílé tí wọ́n háyà. A débẹ̀, etí odò kún bí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lẹ èsì ìdánwò.

Bàbá wọ omi tòun ti fìlà àti ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kó sínú kẹ̀ǹbẹ̀, ó wú sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn.

"Dùbúlẹ̀ sórí ọwọ́ mi," Màmá ní.

"Sórí ọwọ́ méjì yìí? Ṣé o mọ bí mo ṣe wúwo tó?"

"Omi ló máa gbé ọ. Ọwọ́ mi kàn wà níbẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ ni."

Bàbá dùbúlẹ̀. Ó le gbagidi bí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kọ́kọ́ lọ, ìdí tẹ̀ lé e, ó wá di Màmá mú lọ́rùn, ó já gèlè lórí rẹ̀, gèlè bá omi lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbàgbé aṣọ tí wọ́n ń fọ̀.

"Bàbá, ẹ mí o!"

"Bàbá, ẹ na orúnkún yín!"

"Ẹ pe panápaná!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ!" Bàbá dìde dúró, omi ń jáde nímú rẹ̀. "Ìrókò ni mí!"

Màmá ti gba gèlè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó bá a rí i, ó ń fún omi rẹ̀ dànù. "Ìdí tí o fi ń rì nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún Bàbá pé omi kì í wọ ara tó bá ti ní òróró. Bàbá gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ó fi àdín para láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìpàkọ́, ó tún bu díẹ̀ sétí. Ó ń dán bí mọ́tò tuntun. Màmá nawọ́ gbá a mú lẹ́yìn, ó yọ̀ lọ. Ó gbá a mú lẹ́sẹ̀, ó yọ̀ lọ. Bàbá ń fò láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ẹja àrọ̀, ó ń pe orúkọ Jésù, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ báyìí yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, àfi ìgbà tí kẹ̀ǹbẹ̀ rẹ̀ há sára kùkùté. Òróró bo gbogbo odò náà, ọṣẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò hó mọ́. Mo gbọ́ pé títí di ìgbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, ẹja tí wọ́n bá pa níbẹ̀ kò nílò òróró kí wọ́n tó dín in.

Wọ́n gbé Bàbá jókòó sórí òkúta, Màmá gba kànrìnkàn àti ọṣẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Bàbá di ojú, ìfófòó bo gbogbo ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré: "Ìyá Adé, mo fẹ́ kó rọrùn fún ọ ni." Màmá ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ó ní: "Tó o bá fẹ́ kó rọrùn fún mi, jẹ́ kí ọwọ́ mi lè mú ọ."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá kò kọ́kọ́ ní kó dùbúlẹ̀. Ó kàn dúró nínú omi, ó ń bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Adé, tí ẹ bá gé ìrókò tútù, tí ẹ yí i sínú omi, kí ló máa ń ṣe?"

"Òmíràn á rì."

"Arère ńkọ́?"

"Arère? Arère á léfòó. Kì í tijú."

"Kí lẹ máa ń ṣe sí ìrókò kó má bàa rì?"

Bàbá wò ó. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n agégẹdú ò lè purọ́ nípa igi. "A máa ń so ó mọ́ arère."

"Ó dáa. Dùbúlẹ̀. Lónìí, arère ni ọ́."

Mo rò pé á bínú jáde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó nà án sí mi, ojú rẹ̀ le sí mi bí ẹni ń sọ pé kí n má rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

"Ṣé o dì mí mú?"

"Mo dì ọ́ mú."

"Ṣé o ṣì dì mí mú?"

"Mo ṣì dì ọ́ mú. Tí mo bá máa yọ ọwọ́, màá sọ fún ọ."

Díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ rọ̀. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ikùn rẹ̀ yọ bí erékùṣù. Màmá sún mọ́ etí rẹ̀: "Bàbá Adé, mo fẹ́ yọ ọwọ́ o." Bàbá la ojú kan. Ó ní, "Yọ ọ́." Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo wa rí i. Bàbá kò rì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ títí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi. Bàbá kò yíjú, ó kọjú sí ọ̀run, ó ní: "Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ ọ́ dé Ìjẹ̀bú-Igbó."

Láti ọjọ́ yẹn, a ò lè mú wọn kúrò nínú omi mọ́. Màmá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ta omi, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìró mú láìfà á ya. Bàbá kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kankan ju ti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tó bá ta á lẹ́ẹ̀kan, odò á lọ síwájú á tún padà. Nígbà mìíràn, n óò dé bá àwọn méjèèjì tí wọ́n sùn sílẹ̀ gbalaja lórí omi, wọ́n ń sọ ohun tí wọn ò sọ nílé rí. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ tí Bàbá ń sọ pé láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, òun kò fẹ́ràn ọbẹ̀ ilá rẹ̀. Màmá ta omi sí i lójú. Ó ní: "Mo mọ̀. Mo fi ń san ẹ̀san ọ̀rọ̀ Àna Èbúté ni."

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. A kó ẹrù Màmá gbogbo sínú ọkọ̀, títí dé ọlọ ata, torí ó ní ohun tí òun sọ ni òun sọ. Àwọn tó ń wakọ̀ juwọ́ sí Bàbá pé ó dàbọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀, ó gbé èkejì. Ẹnì kan nínú wọn ju àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sómi níbi tí ẹnu ti yà á.

Nígbà tí a fi máa dé iwájú Màkún, gbogbo ìlú ti wà létí omi. Wọ́n ní àwọn aláìsàn dìde wá. Odùtọ́lá dúró sí èbúté ilé wọn, kọ́kọ́rọ́ yàrá tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fì í. Ọkọ̀ dúró. Màmá bọ́ sínú omi láìdún, bí ẹni wọ yàrá. Bàbá bọ́ sínú omi bí ẹni pé ilé ló wó. Omi ta lu àwọn tó jókòó lókè. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó na ara, ó di etí ìró mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn ọmọdé tó ti ṣètò orin Àna Èbúté sílẹ̀ gbé e mì.

Wọ́n ti lọ jìnnà díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan kọjá, tí ìgbì rẹ̀ sì dé. Ó gbé wọn sókè, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ojú Bàbá rì, ó yọ, ó tu omi, ìró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ló wá dúró. Ohùn rẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ:

"Bàbá Adé, ó ti rẹ̀ mí."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Odùtọ́lá dáwọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń fì dúró. Èmi tí mo wà nínú ọkọ̀ ti mú àjẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n mi ò tukọ̀ lọ bá wọn, torí tí wọ́n bá padà sínú ọkọ̀, mo mọ̀ pé Bàbá ò ní bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tí kò bá sì bọ́ sílẹ̀, Màmá ò ní padà sílé.

"Fara tì mí," Bàbá ní.

"Ṣé o lè gbé mi?"

"Omi ló máa gbé ọ. Èmi kàn wà níbẹ̀ ni."

Màmá gbé orí lé e láyà. Obìnrin tí kò fara ti àga, ó nà gbalaja lórí ọkùnrin tó jẹ́ pé wòlíì pàápàá kò lè tì í wọ omi, ó di ojú méjèèjì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ kì í rí iwájú, ẹni tó yẹ kó máa júwe ọ̀nà sì ti di ojú. Wọ́n yà sí ọ̀tún. Gbogbo ìlú sáré lọ sí ọ̀tún. Wọ́n yà sí òsì. Gbogbo ìlú sáré padà, ìyá arúgbó kan wà lórí ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé e sáré, ó ń pariwo pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun já bọ́. Níkẹyìn, èbúté aládùúgbò ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, láàárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

"Kì í ṣe èbúté wa nìyí!" Odùtọ́lá ní.

Ìyá arúgbó tó wà lórí ẹ̀yìn yẹn, òun ni àgbà ilé wọn, ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọwọ́ Bàbá, ó wo ọwọ́ Màmá. Etí ìró kan wà nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní: "Odùtọ́lá, fi kọ́kọ́rọ́ rẹ sápò."

Bí wọ́n ṣe gbà á nílé àna rẹ̀ nìyẹn. Màmá ní kí wọ́n má já ẹrù òun nínú ọkọ̀, a máa padà lọ́jọ́ kejì. Bàbá ló kọ̀. Ó ní ta ló ń padà lọ́jọ́ kejì, ṣé òun ti lúwẹ̀ẹ́ tán ni? Ó dúró ní Màkún títí awọ ara rẹ̀ fi hun jọ bí ọsàn tó pẹ́ nílẹ̀, ó ń sọ fún àwọn apẹja bó ṣe yẹ kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó sú gbogbo ìlú, wọ́n bẹ Màmá pé kó mú ọkọ rẹ̀ lọ. A dé Ìjẹ̀bú-Igbó, Bàbá na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ Màmá. Mo dúró kí n gbọ́ èébú. Màmá kò bú u. Ó fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì ń rìn lọ níwájú pẹ̀lú ọwọ́ òfo, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe.

Bàbá ló kọ́kọ́ lọ. Màmá sì tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn tó ń tẹ ìwé ìsìnkú kò lè kà. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn ní gbogbo ọdún yẹn. Obìnrin tó lè wà lábẹ́ omi títí ẹ̀wà fi jinná, báwo ni ìlúwẹ̀ẹ́ ráńpẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rẹ̀ ẹ́? Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó tì í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ yẹn ní Màkún, ṣé lóòótọ́ ló rẹ̀ yín?"

Kò gbójú sókè. Ó bó ẹ̀gúsí kan, ó jù ú sínú igbá, ó bó òmíràn.

"Ọkọ mi, o fẹ́ràn ìbéèrè jù. Omi tutù lọ́jọ́ yẹn. Àyà rẹ̀ gbóná. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"